Ta Ló Bi Aládùúgbò?

Ìkòsì, Kétu,
Èkó.

Àkànní ọkọ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, títí kan èyí tí o ti ń pariwo. O ní kí ló dé tí mi ò tíì lọ fi ẹjọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ọgbà wa sun káńsù, pé ká ní London ni, káńsù ì bá ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ tán lórí fóònù lọ, ni mo ṣe mú bírò. Fara balẹ̀ kà á tán kó o tó pè mí. Ara mi le, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀, mo sì ń lo oògùn mi déédéé. Má fi ìyẹn já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ilé Bàbá Ọlọ́sàn ni wọ́n wó. O rántí bọ́ńgálò wọn, èyí tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra, tí wọ́n máa ń to apẹ̀rẹ̀ ọsàn tó bá ṣẹ́kù láti ọjà èso Kétu sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀yin ọmọdé kì í jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni àwọn ọmọ wọn ti ń wá bí wọn yóò ṣe pín ogún náà láìjà. Wọ́n wá rí dẹfẹ́lọ́pà kan. Òun ni yóò náwó, àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀, wọn yóò sì jọ pín fúláàtì tó bá jáde níbẹ̀. Mi ò bá wọn bínú. Ilẹ̀ bàbá wọn ni, Ìkòsì tí èmi àti bàbá yín kó wá kọ́ sì ni Ìkòsì òní. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ sí tòsí Ikorodu Road lásìkò yìí, tó ní bọ́ńgálò nìkan lòun máa kọ́ síbẹ̀, àfi kí owó máa yọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Mítà 3 ni òfin ìpínlẹ̀ yìí ní kí ilé gbígbé fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, láàárín ògiri rẹ̀ àti ààlà ẹlòmíì. Mo fi téèpù tí mo fi ń ránṣọ wọn ibi tí òpó wọn ti gbéra: kò tó mítà kan sí ògiri ọgbà wa. Ìgbà òjò ni wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ilẹ̀ yọ́ lábẹ́ wa, ògiri ilé ìdáná sì là láti abẹ́ pákó òrùlé wá sílẹ̀, orí ìka mi ń wọnú rẹ̀. Wọ́n ti dé àjà kẹta báyìí, wọn ò sì tíì fi hàn pé àwọn fẹ́ dúró. Bí èèyàn bá ṣí fèrèsé yàrá rẹ, búlọ́ọ̀kù ló máa rí. Ọ̀sán gangan ni mo ń tan iná níbẹ̀, bí iná bá wà. Ihò ilé ìyàgbẹ́ wọn tuntun sún mọ́ kànga wa débi pé mo ti jáwọ́ nínú omi rẹ̀, aṣọ nìkan ni mo ń fi fọ̀. Ti gọ́tà tí gíráníìtì wọn dí, mi ò ní sọ, torí ẹ̀bi gọ́tà l'Ékòó, gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́.

Ìwọ náà mọ òwe yẹn, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Èmi ti sọ o. Mo sọ fún àkọ́bí Bàbá Ọlọ́sàn, mo sọ fún fóòmàn, mo sọ fún dẹfẹ́lọ́pà alára nígbà tó wá sanwó àwọn lébìrà. Òru ni wọ́n sì ń da kọnkéré, nítorí náà hẹ̀rẹ̀huru náà kò yẹ̀.

Mo sì lọ sí káńsù, kó o tó sọ ọ́ rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, àwa kọ́ la ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́.” Mo rò pé ó fẹ́ lé mi lọ ni, àṣé òótọ́ ló ń sọ. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, àwọn ló ń sọ títì lórúkọ, àwọn ló ń fi nọ́ńbà sára ilé, àwọn ló ni ọjà, gáréèjì àti itẹ́ òkú, àwọn ló tún ń fún ẹni tó fẹ́ ta ọtí níwèé àṣẹ. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n wo pílánì ilé. Ìyẹn ni pé káńsù lè wá fi nọ́ńbà sára ilé tó ń la ògiri mi yìí, ṣùgbọ́n kò lè bi í bó ṣe dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú rẹ̀ rí. Ní 1992, nígbà ìjọba ológun, wọ́n ṣe òfin kan tó pín ìṣètò ìlú sí ìpele mẹ́ta, ó fún ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà ní tirẹ̀. Èkó kò fara mọ́ ọn. Wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ ṣẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ náà sì dá a ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú, pé òfin ọdún 1992 yẹn kò kọjá Àbújá. Bàbá yín yọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá a láre. Ọdún kan náà yẹn ni Gómìnà Tinubu gbé ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 kalẹ̀ kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀, tí a fi yọ Ìkòsì-Ìsherí àti Àgbóyì-Kétu kúrò lára Kòsọ́fẹ́, tí wọ́n ní kí ìjọba lè sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa ni. Agbára ilé kíkọ́ kúrò l'Ábùújá lóòótọ́. Aláúsá, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ló dúró sí. Kò dé Ìkòsì.

Nígbà tó sì dé Aláúsá, wọ́n tún là á sí méjì. Òfin ọdún 2010 ní kí ilé-iṣẹ́ kan máa yẹ pílánì wò kó sì máa fúnni níwèé àṣẹ, kí èkejì máa tọ pa ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Àgékúrú orúkọ wọn jọra, ahọ́n mi kì í gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ gba àṣẹ yóò mú ìwé ilẹ̀ wá, yóò mú ìwé sọ̀fíyọ̀, àwòrán ilé àti ti ẹnjiníà, ìwé tó fi hàn pé ó ń san owó orí, àti àyẹ̀wò ilẹ̀ bí ilé náà bá ga. Ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, èèyàn ò nílò láti máa gbé fáìlì sábẹ́ abíyá kiri mọ́. Bí wọ́n bá fún un láṣẹ tán, ó gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀dù síwájú ibẹ̀ tí nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà àti orúkọ àwọn tó ń kọ́ ọ wà lára rẹ̀. Bí ilé bá parí, wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó kó wọlé. Ètò tó dáa ni, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé ń kó lọ yẹn, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó kàn mí, èmi tí mo wà lódìkejì ògiri. Mi ò sọ pé kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní ṣé wọn ò lè bi mí ni.

Mo lọ bi wọ́n náà. Ọ́fíìsì tí mo wọ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹun níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí pílánì ilé náà. Wọ́n ní fáìlì oní-fáìlì ni. Mo ní kí wọ́n kúkú sọ alájà mélòó tí wọ́n fọwọ́ sí fún mi. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Mà, ẹ̀yin kọ́ lẹ sanwó, kí ló kàn yín níbẹ̀?” Mo ní ògiri mi ló kàn mí. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì kejì, pé àwọn yẹn ló ń rí sí ti ògiri. Àwọn yẹn ní kí n kọ ìwé ẹ̀sùn, mo kọ ọ́, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà mi. Wọ́n ní mọ́tò tí wọn yóò gbé wá wò ó wà lóde. Ó ṣì wà lóde bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ní ti bọ́ọ̀dù, kò sí. Mo bi dẹfẹ́lọ́pà pé níbo ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, ìwé kì í sá lọ. Bí kò bá sí, a óò gbà á tó bá yá.” Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ní 2024, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó ti kọ́lé láìgbàṣẹ pé kí wọ́n wá gba ìwé láìsan owó ìtanràn, nígbà tí ọjọ́ sì pé, wọ́n sún un síwájú. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo ilé wọnú ìwé ni, kí wọ́n lè mọ iye tó wà nílùú. Àmọ́ ohun tí dẹfẹ́lọ́pà gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kọ́ ọ ná.

Ṣé o mọ àwọn tí kò pa ọjọ́ kan jẹ níbẹ̀? Àwọn ọmọ onílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ta okùn ìpìlẹ̀, wọ́n ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kí bíríkìlà tó dé. Ọjọ́ dẹ́kìǹ, ṣíṣí ni mo ṣílẹ̀kùn àárọ̀, mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n kí mi, “Ẹ kú àárọ̀, Mọ́mì.” Òfin tí Gómìnà Ambode fọwọ́ sí ní 2016 ti sọ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú, síbẹ̀ wọn kì í gbàgbé ìpele kankan. Ká ní ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé yìí nítorí owó ni ìjọba fi ń ṣọ́ ọ nítorí ẹ̀mí, mi ò ní kọ lẹ́tà kankan. Ní ti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, alága ní ìdàgbàsókè ni. Dẹfẹ́lọ́pà ti bá ẹgbẹ́ dá sí owó tíráńsífọ́mà.

Má rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì lọ́wọ́ àárọ̀, ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Èèyàn 20 ni ìjọba kà pé ó kú. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn jáde wá sọ pé àwọn ti fi àmì sára ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló yẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó lulẹ̀ ní Gerrard Road n'Íkòyí, ó pa èèyàn tó lé ní 40, ẹni tó ń kọ́ ọ pẹ̀lú. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa lóṣù díẹ̀ ṣáájú, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Gómìnà Sanwo-Olu ní kí ọ̀gá tó ń bójú tó ilé kíkọ́ lọ rọ́kún nílé ná, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa gbọ́ ọ nínú rédíò.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n máa ń rántí aládùúgbò? Ìgbà tó bá ti wó tán. Àwa la máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán wa búlọ́ọ̀kù kí katapílà tó dé. Àwa ni àwọn oníròyìn máa ń gbé ẹ̀rọ sí lẹ́nu: Kí lẹ rí? Láti ìgbà wo lẹ ti ń rí i? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnìkan ti bi wá nígbà ìpìlẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ òkú ló tó dé. Èmi tí mo ń ránṣọ lẹ́bàá fèrèsé yìí, mo mọ ohun tí ẹnjiníà wọn kò mọ̀, torí kì í wá. Mo rí i pé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lánàá ni wọ́n ń kọ́ lónìí. Mo rí ọjọ́ tí wọ́n yọ pákó kúrò lábẹ́ dẹ́kìǹ kìíní kí ó tó gbẹ, tí kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ ń ráhùn pé ó yá jù, tí fóòmàn ní wọ́n fẹ́ lo pákó náà níbòmíì. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n bi mí?

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ kíṣìnì tí aládùúgbò rẹ ní London fẹ́ kọ́. Àkànní, jọ̀ọ́, má bínú, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí o kọ́kọ́ sọ ọ́. Káńsù yín kọ lẹ́tà sí ọ, wọ́n lẹ pépà mọ́ òpó iná níwájú ilé, wọ́n fún ọ ní ọjọ́ 21 láti sọ tẹnu rẹ, o sọ ọ́, wọ́n tún kọ̀wé dá ọ lóhùn. O wá ń fapá jánú nítorí pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ wọ́n fún onítọ̀hún láṣẹ! Mo ní ọmọ yìí ti gbàgbé Ìkòsì. Àmọ́ nígbà tí o ṣàlàyé pé ẹni tó kọ ìdáhùn náà kò wá sí ẹ̀gbẹ́ tìrẹ rárá, pé àwòrán tó lò kò ní fèrèsé yàrá ọmọ rẹ nínú, ẹ̀rín náà lọ. Èmi, wọn ò bi mí. Ìwọ, wọ́n bi ọ́, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Mo sì mọ̀ pé nílùú tí o wà yẹn náà, ó lè ju ọ̀rọ̀ kíṣìnì lọ. Àwọn tó ń gbé Grenfell Tower ní ìwọ̀-oòrùn London kọ̀wé kọ̀wé lórí ilé wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé kan níbẹ̀ kọ ọ́ síta pé ó dà bíi pé àfi bí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò tó gbọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé náà, èèyàn 72 bá a lọ. O rántí pé o pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ìwọ náà kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bá ọ sọ pé kó o fi ọ̀rọ̀ tìrẹ sílẹ̀ nítorí pé tèmi le jù.

Fi ẹjọ́ náà sùn. O ní òfin ibẹ̀ kò fún aládùúgbò láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, pé ẹni tó fẹ́ kọ́lé nìkan ló ní ẹ̀tọ́ yẹn bí wọ́n bá kọ̀ fún un. Ó dáa. Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe ṣe é: kọ̀wé sí káńsù fúnra rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kọ ọ́ sí Ombudsman kí oṣù 12 tó kọjá. Má lọ retí pé wọn yóò wó kíṣìnì ẹnikẹ́ni. Bóyá káńsù tọ ọ̀nà tó yẹ ni wọn yóò wádìí. Kọ ọjọ́, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, má bú ẹnikẹ́ni.

Kí o sì máa kí aládùúgbò rẹ. Mo gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ pé o ti ń gba ẹ̀yìn ilé jáde kí ẹ má bàa pàdé. Kí ló ṣe fún ọ? Ó tọrọ ohun tí òfin ní kó tọrọ, wọ́n fún un. Káńsù lo bá lẹ́jọ́. Èmi àti ìyàwó àkọ́bí Bàbá Ọlọ́sàn ṣì jọ ń ṣe é. Obìnrin yẹn ló se ọbẹ̀ tí gbogbo ìdílé yín jẹ lọ́jọ́ mẹ́jọ bàbá yín, mi ò lè torí dẹ́kìǹ ọkọ rẹ̀ gbàgbé ìyẹn. Mo ń kí i láàárọ̀, mo sì ń ya fọ́tò òpó wọn lọ́sàn-án, òun náà mọ̀.

Owó tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ kí n fi “rí wọn” l'ọ́fíìsì, dá a dúró. Bí mo bá fi owó ra ojú ìjọba lónìí, dẹfẹ́lọ́pà á fi èyí tó ju tèmi lọ dì í lọ́la. Ibi tí mo gbà lọ báyìí kò gba kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń báni yanjú aáwọ̀ láìsí lọ́yà, Citizens' Mediation Centre ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe dẹfẹ́lọ́pà lórí ẹ̀sùn mi. Bí ìyẹn kò bá yọrí, Public Complaints Commission tó ti wà láti 1975 ni mo máa kọ̀wé sí nípa àwọn oní-mọ́tò-wà-lóde. Fi ẹ̀dà ìwé tí o kọ sí káńsù yín ránṣẹ́ sí mi, kí n wo bí o ṣe tò ó. Tún bá mi bi ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ ẹnjiníà bóyá ògiri tó là bẹ́ẹ̀ yẹn ṣe é dì, tàbí wíwó ló kù. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ sí fóònù rẹ, owó ẹyọ náírà kan ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Dẹfẹ́lọ́pà pè mí nírọ̀lẹ́ àná lẹ́yìn tí ìwé ìpè náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní òun á wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé, òun á sì gbé àpò ìrẹsì kan dání fún Mọ́mì. Mo ní kó fi ìrẹsì sílẹ̀, kó mú pílánì wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màmá Àkànní.